Ojú Kejì Nínú Yàrá Dúróoríkẹ̀

"Afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà àbọ̀ kì í yà nílé ẹni." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè mọ́: ilé ta ni afẹ́fẹ́ kọ̀ láti yà sí? Ẹ̀yin ha mọ̀ ọ́n bí?

Ní ìlú Òkè-Ìdẹ̀ra, obìnrin arànwú kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ mẹ́rin ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó bí Dúróoríkẹ̀. Nígbà tí èyí dúró, Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí ó jìnnà sí ojú òun. Ọmọ náà dàgbà, ó di wúńdíá, ọ̀dọ́kùnrin kan sì wá tọrọ rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀-Odò, ìlú tí ó tó ìrìn àárọ̀ kan. Àwẹ̀ró kò kọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí òun kọ́kọ́ kọ́ yàrá fún ọmọ òun.

Yàrá náà dára. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ já sí yàrá ìyá, ìyá a sì máa tì í pa. Ògiri ẹ̀yìn ni ó kọjú sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Odò, Àwẹ̀ró sì ti kìlọ̀ fún Ògúnsànyà mọlémọlé pé kò gbọdọ̀ dá ojú fèrèsé kankan sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Lóde, ewé ń jó, koríko ń tẹ̀, ó ń dìde. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá dé ojú fèrèsé náà, ńṣe ni ó ń dúró, bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Dúróoríkẹ̀ ń rù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń lálàá. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n fẹ fèrèsé sí i, wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ooru kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró bá a lórí ẹní, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ìpè. Ìyá rẹ̀ rántí àwọn ọmọ mẹ́rin tó ti lọ. Ó bu omi sí ọmọ lórí, ó sáré pe Ògúnsànyà.

Ọkùnrin náà fa òwú díẹ̀ nínú agbọ̀n Àwẹ̀ró, ó tú u ká lẹ́nu fèrèsé. Òwú náà rá bàbà níbẹ̀. Kò wọlé, kò lọ. Ó dúró sójú kan bí ẹni tó sùn lórí ìdúró, àwọn méjèèjì sì ń wò ó.

"Ìyá, yàrá yìí ti kún," ni Ògúnsànyà wí jẹ́jẹ́.

"Kí ló kún un? Ọmọ mi nìkan ló wà níbẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ àná ló kún un. Ẹ ò jẹ́ kó lọ, tòní ò sì ríbi wọ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà àbọ̀ kì í yà nílé ẹni."

Àwẹ̀ró wo ògiri ẹ̀yìn títí. "Bí a bá dá ojú síbẹ̀, ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Odò ni yóò máa rí lójoojúmọ́."

"Ó ti ń rí i, Ìyá. Ògiri ò dí i lójú."

Àwẹ̀ró wọlé lọ mú ọkọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ògúnsànyà dá ojú náà sókè lábẹ́ àjà, nítorí ibẹ̀ ni ooru ń sá sí. Bí amọ̀ tó kẹ́yìn ti já bọ́, òwú ẹnu fèrèsé wọlé. Ó rọra kọjá lójú Dúróoríkẹ̀, ó gòkè, ó bá ojú tuntun náà jáde, ó gba ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Odò lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọ náà mí kanlẹ̀.

"Ìyá mi, ta ló ń fẹ́ mi?"

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ará Ìsàlẹ̀-Odò náà sì ń fẹ́ ọ."

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wọ́n ti sin Dúróoríkẹ̀ lọ sílé ọkọ. Àwẹ̀ró sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n oṣù kan kò kọjá kí ọmọ náà má wá kí i, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá wá, wọn yóò jẹ́ kí òun padà.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn máa wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ kí wọ́n lọ: òbí tó di ọmọ mú jù, tàbí ọ̀rẹ́ tí ń bínú bí a bá ti dìde. Wọn kì í fi í bú ènìyàn. Wọn a jókòó tì í, wọn a rọra sọ ọ́: afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà àbọ̀ kì í yà nílé ẹni.