Ojú Ọba Félán

Ọba Félán kò lo ju oṣù méjì lọ lórí oyè. Ilẹ̀ Írẹ́lándì ni, láyé àtijọ́, ní ìlú kékeré kan tí ìdílé méjì ti ń du adé. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ní àbùkù lára kò gbọdọ̀ jọba.

Nítorí òfin yìí ni Múrẹ́n, obìnrin tó tọ́ Félán dàgbà, kò ṣe fẹ́ kó lọ sí pápá tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Bẹ́kán, ọmọ ìdílé kejì, ti wá pè é.

"Kábíyèsí, àbí kí n bá yín tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá yín ni?" Bẹ́kán ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà dun Félán. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ ti sọ mí di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara mi."

Múrẹ́n dáhùn pé, "À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Máa lọ, ọmọ mi. Mo ti sọ tèmi."

Kí eré tó parí, ọ̀pá Bẹ́kán ti fọ́ ojú ọ̀tún Félán. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọba délé. Nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ, òun náà ló kọ́kọ́ rán wọn létí òfin.

Félán bẹ Múrẹ́n pé kó má bínú. Múrẹ́n kàn ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú náà.

Bẹ́kán ni wọ́n fi jọba. Félán kò padà sórí oyè títí ó fi kú.