Òkúta Lórí Ẹ̀ka

Ọkùnrin kan wà lórí òkè kan tó tutù débi pé súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní ọgbà olókùúta níwájú ilé rẹ̀. Igi kúkúrú kan wà níbẹ̀ tí kò ga ju orúnkún lọ, tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbìn ín, irú rẹ̀ kò sì sí mọ́ lórí òkè náà.

Lọ́dún tí òjò pọ̀ jù, ìdí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kù tí ewé rẹ̀ ṣì ń dán. Ọkùnrin náà tẹ ẹ̀ka yìí dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ oníyanrìn, ó sì gbé òkúta lé e, kó lè ta gbòǹgbò tirẹ̀ kí ìyá igi náà tó kú.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé nílé kejì. Kì í lè rí ohun tó ń jìyà kó mójú kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òkúta náà kúrò, ó gbé ẹ̀ka dìde, ó sì fi báńdéèjì wé e.

Ọkùnrin náà dá òkúta padà. Nọ́ọ̀sì tún gbé e.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Ìkà ni ọ́! Bí wọ́n bá gbé òkúta lé ìwọ náà láyà, ṣé wàá sanra?"

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ka náà ti ń rọ. Ọkùnrin náà kò jà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú igbó, ó já wèrèpè. Ó tún gbé òkúta lé ẹ̀ka náà, ó sì gbọn irun wèrèpè sórí rẹ̀ dáadáa. Ó wá gbé ife tíì, ó jókòó sẹ́yìn fèrèsé.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì dé. Ó fọwọ́ kan òkúta, ló bá fò sẹ́yìn. Ó họ ọwọ́, ó họ ọrùn, ó fẹ̀yìn ha ògiri bí ewúrẹ́.

"Kí lo fi sára òkúta yìí?"

"Oògùn ni, Màmá. Ọwọ́ tí kì í jókòó ló ń wò."

Ó sáré wọlé, kò sì padà wá.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá igi náà gbẹ, ó kú. Ọkùnrin náà pe nọ́ọ̀sì, ó sì ṣí òkúta lójú rẹ̀. Gbòǹgbò ti wọlẹ̀ ṣinṣin níbẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin rẹ ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ télọ̀ ní kó tú aṣọ tó rán, kó tún un rán. Ó sunkún wálé, o sì ti wọ bàtà láti lọ bá ọ̀gá jà. Bọ́ bàtà náà.