Efúntọ́lá Aláró àti Odídẹrẹ́ Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fi ara ti ara, nítorí ààlọ́ tòní kì í ṣe èyí tí à ń pariwo pa. Ààlọ́ mi fò fìrì. Kò bà sórí ìrókò. Kò bà sórí àràbà. Ó bà sí etí ìkòkò aró Efúntọ́lá, aláró ìlú Ìpórò.

Ní ayé àtijọ́, kò sí aláró bí Efúntọ́lá. Bí ó bá pa aṣọ láró, aṣọ náà a dúdú minimini. Òjò kì í ṣí i. Oòrùn kì í ṣí i. Ọṣẹ kì í ṣí i. Obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ìgè ń gún ewé ẹ̀lú. Abọ́sẹ̀dé ń sun eérú, ó sì ń sẹ́ omi rẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń ti aṣọ bọ inú aró, òun náà ló ń sá a. Àwẹ̀ró yìí, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn wà nílé, iṣẹ́ aró yìí ló sì ń bọ́ àwọn méjèèjì.

Efúntọ́lá kò burú láti ilẹ̀. Ó ní àbúrò kan tí ó fi gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ hàn. Àfi bí àbúrò náà ṣe kó lọ sí ìsàlẹ̀ odò, tí ó dá aró tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fa ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Efúntọ́lá ti dì bí ẹ̀kọ tútù. Bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ó ní wọ́n ń gbìmọ̀.

Ó lọ ra odídẹrẹ́ kan lọ́wọ́ ọdẹ, ó gbé e sí òkè àjà ibi iṣẹ́. Àwọn obìnrin náà rò pé ẹyẹ ọ̀ṣọ́ lásán ni. Wọn kò mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti lọ sílé tán, ẹyẹ náà a fò wọ yàrá Efúntọ́lá, a sì máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é. "Kínrinjìn" ni ègbè yín.

Ìyá aláró, mo dé o.
*Kínrinjìn.*
Etí mi kò di o.
*Kínrinjìn.*
Ohun tí mo gbọ́ ni mo wí.
*Kínrinjìn.*
Ṣọ́ wọn dáadáa o.
*Kínrinjìn, kínrinjìn.*

Odídẹrẹ́ kò purọ́. Ẹ gbọ́ mi o, kò purọ́ rárá. Ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ kúrú. Ibi tí iyè rẹ̀ bá pin sí ni ó ń gé ọ̀rọ̀ sí.

Ìgè sọ níjọ́ kan pé, "Ìyá wa le, ṣùgbọ́n bí kò bá le, iṣẹ́ yìí kò ní mọ́ wa lára." Odídẹrẹ́ gbé "Ìyá wa le" dé yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Efúntọ́lá ní kí Ìgè má pọn omi kànga mọ́, odò òkè tó jìnnà ni kí ó máa lọ. Ìgè bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ní Ìgè fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Abọ́sẹ̀dé sọ pé, "Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́, mo ní n kò lọ." Odídẹrẹ́ gbé èyí tí iyè rẹ̀ gbà. Efúntọ́lá ní kí Abọ́sẹ̀dé máa sun eérú rẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn òun, kí ojú òun lè máa tó o. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú.

Àwẹ̀ró sọ pé, "Ó wù mí kí n jókòó ti ìyá mi lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dúró dè mí." Ẹ̀yin náà mọ èyí tí ẹyẹ gbé. Efúntọ́lá gba aṣọ olówó iyebíye lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó fi àkísà lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ó pè wọ́n wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni ó sọ fún Ìgè, tí ó sọ fún Abọ́sẹ̀dé, tí ó sọ fún Àwẹ̀ró.

"Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán. Máa bá mi ṣọ́ àwọn yòókù."

Ìgbà náà ni ìfura wọ ibi iṣẹ́. Oníkálukú ń rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló ń ta òun. Wọn kì í kí ara wọn dénú mọ́. Wọn kì í jẹun pọ̀ mọ́. Wọn kì í wo ojú ara wọn mọ́. Ní òwúrọ̀, bí Àwẹ̀ró bá ti rí òrùlé ibi iṣẹ́ lókèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ a fà sẹ́yìn. Bí ó bá délé, a máa ro ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́sàn-án, a tún un rò. Síbẹ̀, orin ẹyẹ kò dá.

Ìyá aláró, mo dé o.
*Kínrinjìn.*
Etí mi kò di o.
*Kínrinjìn.*
Ohun tí mo gbọ́ ni mo wí.
*Kínrinjìn.*
Ṣọ́ wọn dáadáa o.
*Kínrinjìn, kínrinjìn.*

Àwẹ̀ró ro ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ èwo nínú Ìgè àti Abọ́sẹ̀dé ni òun ìbá sá fún. Ìyá rẹ̀ ní, "Má sá fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí o kò bá lè sọ níwájú ẹni, má sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ nítorí èyí, wá sílé. A óò jọ jẹ ohun tí a bá rí."

Kò pẹ́, ìránṣẹ́ ààfin gbé aṣọ funfun wá. Ọba tuntun fẹ́ jẹ, aṣọ tí yóò fi gorí oyè ni. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti wá wo bí ó ṣe ń lọ.

Ní ọjọ́ náà gan-an, aró kú nínú ìkòkò ńlá. Ìgè gbóòórùn rẹ̀, ó dákẹ́, nítorí ẹni tí ó bá sọ ọ́ ni wọn yóò ní ó pa á. Abọ́sẹ̀dé rí i pé ojú aró ti yí padà, ó dákẹ́. Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aró kò mú un lọ́wọ́. Ó wo Ìgè, ó wo Abọ́sẹ̀dé, ó sì gbé ohùn jáde.

"Aró yìí ti kú. Bí a bá ti aṣọ ọba bọ̀ ọ́, gbogbo wa la gbé. Ìyá aláró ní kí n máa ṣọ́ yín, n kò ṣọ́ yín rí. Mo ń sọ ọ́ lójú yín."

Ìgè gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n sọ fún òun náà nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún, ó ní òun náà ni.

Wọ́n jọ lọ pe Efúntọ́lá. Ó wo aró, ó ní ta ló pa á. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tètè fi ewé tuntun àti omi eérú sí i, ó lè jí. Efúntọ́lá ní irọ́ ni, ó ní àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ló rán wọn.

"Efúntọ́lá kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju aró lọ," ló wí. "Ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìrọ̀lẹ́ ti dé. Ìránṣẹ́ ààfin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Odídẹrẹ́ rí Efúntọ́lá nílẹ̀, ó fò wá sí èjìká rẹ̀, ó sì gbé orin rẹ̀.

Ìyá aláró, mo dé o.
*Kínrinjìn.*
Etí mi kò di o.
*Kínrinjìn.*
Efúntọ́lá kò mọ iṣẹ́.
*Kínrinjìn.*
Efúntọ́lá kò mọ iṣẹ́ o.
*Kínrinjìn, kínrinjìn.*

Ìgbà náà ni ó yé àwọn obìnrin mẹ́ta náà pé ẹyẹ ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ, tí ó sì ń gé e. Ìránṣẹ́ wo ìkòkò, ó wo Efúntọ́lá, ó ní bóyá kí òun gbé aṣọ náà lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Efúntọ́lá yíjú sí àwọn mẹ́ta tí ó ti fìyà jẹ. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá kàn dákẹ́, òun tán.

Ìgè wo ilẹ̀. Abọ́sẹ̀dé wo ilẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹyẹ yẹn kì í parí ọ̀rọ̀," Àwẹ̀ró ló wí. "Ohun tí ìyá wa sọ ni pé òun kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju aró lọ. Aró wa ló kú. Ẹ fún wa láàyè díẹ̀."

Ìránṣẹ́ gbà, ó sì lọ. Abọ́sẹ̀dé gbé omi eérú. Ìgè gún ewé. Efúntọ́lá fúnra rẹ̀ ró ìró rẹ̀ le, ó sì bá wọn rò ó. Kí ọjọ́ oyè tó pé, aró jí, aṣọ ọba sì dúdú minimini.

Efúntọ́lá dá ẹyẹ padà fún ọdẹ. Kò bẹ̀ wọ́n. Ẹnu rẹ̀ ṣì le, ojú rẹ̀ ṣì le. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá ní ẹ̀sùn kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń pè, a sì jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ tirẹ̀ délẹ̀. Ìgè padà sí kànga. Abọ́sẹ̀dé gbé eérú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti Àwẹ̀ró, ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yé fà sẹ́yìn ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun ọ̀sán pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ọ̀gá tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni yóò ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ó tún kọ́ wa pé kí àwọn tí ìyà kan náà ń jẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù sọ wọ́n di ọ̀tá ara wọn.

Ibi tí ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Ẹ dìde, ẹ lọ ṣan ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó sùn.