Yàrá fún Ètò Àtijọ́

Ní ìlú kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ràn agbádá tó kún fún ọnà, ọkùnrin kan wà tó ń fi ẹ̀rọ rán ọnà sí àyà àti ọrùn aṣọ. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Nígbà tó gba fúrídọ̀mù, ojú ọ̀gá náà ti ń di bàìbàì, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi bí àpótí.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí n tó máa lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò mọ ọnà fúnra rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yà á, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún abẹ́rẹ́ ibi tí yóò kọ́kọ́ gún àti ibi tí yóò gún tẹ̀lé e. Ètò kan wà fún iṣẹ́ yìí. Ètò náà kì í dá dúró. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò àgbà kan tó ń darí rẹ̀, bí baálé ṣe ń darí agbo ilé, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ètò yòókù ti ń ṣiṣẹ́. Ètò tí ọ̀gá yìí fi ń ya ọnà ti lé ní ogún ọdún. Baálé kan ṣoṣo ló mọ̀.

Lọ́jọ́ kan àrá sán, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà sì jó. Ọkùnrin náà kò bara jẹ́ púpọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wá àyè láti ra tuntun. Ó ra èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì yára. Ó ní òun bọ́ lọ́wọ́ arúgbó.

Kò ju oṣù kan lọ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ pè é. Dókítà ti sọ fún un pé kí òjò ọdún náà tó dá, ojú rẹ̀ kò ní ríran mọ́ rárá.

"Ọmọ mi," ó wí, "nǹkan kan ni mo fẹ́ rí kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi. Ọnà tí mo yà fún Àwẹ̀ró ni. Rán an sára aṣọ funfun kan fún mi."

Àwẹ̀ró ni ìyàwó ọ̀gá. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú, aṣọ tí ọnà náà wà lára rẹ̀ ni wọ́n sì fi sin ín. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń kọ́ṣẹ́, obìnrin náà máa ń bu oúnjẹ fún un kó tó bu ti ara rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tó jó ni ọnà náà wà, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò lè ṣe é?

Ó ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń ṣe bí oníbàárà bá gbé fọ́tò wá. Ó wá fọ́tò Àwẹ̀ró kan, ó wo aṣọ ọrùn rẹ̀ fínnífínní, ó ya ọnà náà lákọ̀tun, ó sì rán an. Ẹni tó bá rí méjèèjì yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀gá gbé aṣọ náà lọ sẹ́nu fèrèsé. Ó gbé e sún mọ́ imú. Lẹ́yìn náà ó di ojú, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ipa òwú náà.

"Ó dára o. Ọlọ́run yóò bù kún ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n òun kọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Kò sí ibi tó fi yàtọ̀."

"Abẹ́ ló ti yàtọ̀. Mo jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rin ìrìn kan tí ojú kì í rí, kí òwú òkè lè gbórí sókè. Fọ́tò kò lè mọ ìyẹn."

Ọkùnrin náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó pe obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, ìyẹn bá a tú èyí tó jó wò, ó sì rí i pé ibi tí kọ̀ǹpútà náà ń kó nǹkan pamọ́ sí kò bàjẹ́. Ọnà ọ̀gá wà níbẹ̀, ètò tó fi yà á náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ètò yìí sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Kọ̀ǹpútà tuntun ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó tún gbé e, ó tún kọ̀ ọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí òkú sùn jàre. Àbí ẹ fẹ́ kó dìde wá bá wa jẹ ẹ̀bà ni?"

Ibẹ̀ ni obìnrin atúnkọ̀ǹpútàṣe bá wọn. "Bọ̀dá, ta lẹ ń bú?"

"Ètò burúkú yìí ni. Kò mọ nǹkan kan."

"Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ilé tí ẹ gbé e sí ni kò mọ̀."

Obìnrin náà jókòó. Ó ṣe bí ẹni ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tuntun náà, ó bu agbára díẹ̀ fún un, ó sì gbé ètò àgbà ti àtijọ́ síbẹ̀ kó jẹ́ baálé yàrá náà.

"Ṣé kò ní sọ tuntun mi di arúgbó?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Ilé ńlá kì í kéré nítorí pé ó gba àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ má so yàrá yìí mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì o. Ètò yìí kò mọ àwọn olè ayé ìsinsìnyí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un."

Nígbà tó gbé ètò ìyaọnà sínú yàrá náà, ó jí. Ó ṣí bó ṣe máa ń ṣí láyé ọ̀gá. Ọnà Àwẹ̀ró jáde, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn tí ojú kì í rí. Ọkùnrin náà dúró tì í títí ó fi parí. Ó wá rí i pé òun kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ètò yìí rí, àfi kí òun máa kanra mọ́ ọn pé ó lọ́ra, bẹ́ẹ̀ ètò náà ló ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ òun.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó gbé aṣọ náà lọ. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò kàn án, kò tíì dé ìdajì tó fi dúró.

"Ọwọ́ mi rèé," ó wí. Ó gbé aṣọ náà sẹ́nu fèrèsé, ó sì wò ó títí. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun."

"Ẹ̀yin ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ọ̀gá."

Ó dára. Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, o sọ fún mi pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti dé láti abúlé, ilé ò rójú. O ní ó ń fi ọwọ́ fọ aṣọ nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. O ní ó ń dáná èédú lẹ́yìnkùlé, kò fẹ́ fọwọ́ kan gáàsì. O ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi, obìnrin tó tọ́ ọmọ márùn-ún yanjú kì í ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìwọ lo ní agbára nísinsìnyí, ìwọ ni kó o bu díẹ̀ níbẹ̀ fún un. Ya ibì kan sọ́tọ̀ tí yóò ti máa ṣe nǹkan bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kó o sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bó o bá délé lónìí, má kọ́ ọ ní ohunkóhun. Bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí ààrò rẹ̀ wà. Bó bá sì dá ọ lóhùn, kó o dúpẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá ìyá tí a ó bi bẹ́ẹ̀, tí a kò rí i mọ́.