Aṣọ Ọyẹ́ tí Ìyá Agbẹ̀bí Hun fún Kòmpútà

Kò sí ẹni tí kò mọ Morádéyọ̀ ní Òkè-Àràbà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí, ó sì dá a lójú pé kò sí àìsàn tí òun kò ní rí ìdí rẹ̀ bí òun bá fara balẹ̀ wò ó. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Dékúnlé, a máa ní bó bá ṣe pé ìfọ́nnu ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni, ilé àwọn ì bá má ra ẹran mọ́.

Lọ́dún kan, ó ń fi kòmpútà ilé rẹ̀ tẹ ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn abiyamọ. Atẹ̀wé ní kó dé ọwọ́ òun lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa pín in fún àwọn ìyá tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọyẹ́ ti dé pẹ̀lú eruku. Morádéyọ̀ bá fi òwú tó nípọn hun aṣọ fún àpótí kòmpútà náà, irú èyí tó máa ń hun fún ọmọ tuntun. Ó wọ̀ ọ́ fún un láti òkè dé ilẹ̀, kì í sì í bọ́ ọ kódà bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀wé fún bí ìdajì wákàtí, ojú kòmpútà á di búlúù, lẹ́tà funfun á tò sí i, ẹ̀rọ á kú, á sì gbé ọ̀rọ̀ tí kò tíì fi pamọ́ lọ.

"Iná mànàmáná ló ń dà á láàmú," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Bàbá Dékúnlé, ẹ jẹ́ kí n wo aláìsàn mi."

Ó mú bébà, ó ń kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ̀rọ wà nígbà tó kú, bó ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà tó ń tọ́jú àwọn tó ń rọbí. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lọ bá Gbádébọ̀, ẹni tó ń tún kòmpútà ṣe. Gbádébọ̀ bọ́ aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò tilẹ̀ wúkọ́.

"Àwọn lẹ́tà funfun yẹn ńkọ́?"

"Ó ń sọ pé òun dá iṣẹ́ dúró kí òun má baà bàjẹ́ ni, Màmá. Ohun tó ń ni ín lára ni n kò rí. Ó ti gbó. Ẹ ra tuntun."

"Gbádébọ̀, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Nígbà tí o bọ́ sáyé, o ò ké. Ṣé mo ní kí wọ́n lọ bí òmíràn ni?"

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ délé, ó sì wọ aṣọ fún un padà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀rọ kú. Ó tan án. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún kú. Àyà Morádéyọ̀ já, torí ilẹ̀ Ẹtì ò ní pẹ́ mọ́. Ó tún gbólóhùn tó sọnù náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta: "Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń fi aṣọ bo ọmọ nítorí òtútù, ẹ yọ imú rẹ̀..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo bébà rẹ̀: gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ kú, ilé ló wà. Kò kú rí ní ṣọ́ọ̀bù Gbádébọ̀, níbi tí wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ òwú náà. Àpótí gbóná bí ara ọmọ tí ibà mú, aṣọ sì ti dí gbogbo ihò tó fi ń mí.

"Mo gbé!" Ó fa aṣọ náà ya kúrò.

"Kí ló dé?" Ọkọ rẹ̀ sáré wọlé.

"Èmi ni mo ń fún un lọ́rùn, Bàbá Dékúnlé! Èmi fúnra mi!"

Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù, Morádéyọ̀ sì tẹ ìwé náà tán láìdúró. Atẹ̀wé gbà á láàárọ̀ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún àwọn abiyamọ bó ṣe ń pín ìwé, wọ́n sì sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Àràbà fi ń pa á lówe títí dòní pé, ẹni tó bá ń daṣọ bo ọmọ, kó yọ imú rẹ̀ síta.