Ẹni tí Ìbídùn Kí Káàbọ̀

"Màmá àgbà, ta ló ń bọ̀?"

Àríkẹ́ ló bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí òun àti Ìbídùn, ìyá bàbá rẹ̀, ti jókòó sẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ni, kò sì sí ohun tó rí tí kì í kà: ara páálí ọṣẹ, ara àpò sìmẹ́ńtì, ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ni ojú rẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: MO Ń BỌ̀.

Ìbídùn tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà. Bọ́sẹ̀, ìyá ọmọ náà, tó ń sá aṣọ, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Oyèníran, bàbá rẹ̀, tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ síta, dá òòlù dúró díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ìbéèrè tí gbogbo ilé ti ń sá fún láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọ náà bèèrè, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ èsì rẹ̀.

Bándélé, ọkọ Ìbídùn, ló ni ọkọ̀ náà. Píkọ́ọ̀pù ayé àtijọ́ ni, èyí tí imú rẹ̀ gùn, tí ojú iná rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Òun ló fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí Òkè-Ìṣàn. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ń jáde nílé kì í sọ pé òun ń lọ. "Mo ń bọ̀" là ń sọ, kí ọ̀nà má baà gbọ́ pé à ń lọ kó sì gbà wá pátápátá. Bándélé sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Oyèníran ṣì kéré. Ìbídùn dá a lóhùn láti ìdí ààrò pé, "Ó dàbọ̀ o, Bàbá Oyè." Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará oko bá ọkọ̀ náà lórí afárá odò Aṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, sálúbàtà Bándélé sì wà nísàlẹ̀, níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Wọ́n wá inú odò títí, wọn kò rí i. Bí wọn kò ti rí òkú, wọn kò sin òkú. Ìbídùn kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò ṣe opó. Ó kàn ń retí ni.

Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìnkùlé tí koríko fi hù la inú rẹ̀ kọjá. Oyèníran dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó gbéyàwó, ó bímọ. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun fẹ́ jí ọkọ̀ bàbá òun dìde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tún un ṣe bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí ojú kò rí rí. Ó gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni tó fa fìlà bojú. Ó yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó tà á fún àwọn onírin, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sí i. Kò fi ohunkóhun bo ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní kí gbogbo ayé máa wò ó bó ti ń mí. Táyà iwájú kéré, táyà ẹ̀yìn fẹ̀ bí àgbá epo, ọkọ̀ náà sì ba bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Àpéjọ kan ń bọ̀ ní ìlú ńlá, níbi tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ dárà yóò ti kó tiwọn wá.

"Bí wọ́n bá fi ojú kan èyí, Màámi," ni Oyèníran máa ń wí, "kò tún sí ẹni tí yóò bèèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà."

"Àjàní," ni ìyá rẹ̀ a fi oríkì pè é, "ṣé kò sí ọkọ̀ mìíràn láyé ni?"

"Irin ni, Màámi. Irin kì í jẹ èèyàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Oyèníran a rẹ́rìn-ín, a sì padà sábẹ́ ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ a dúró síbẹ̀, a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta, títí ẹsẹ̀ náà yóò fi mira. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Bándélé bí nìyí. Ọkọ̀ tó gba bàbá rẹ̀ náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ yìí.

Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, wọ́n pe Rájí, ẹni tó ń kun ọkọ̀ tó sì ń kọ̀wé sí i lára. Rájí kun gbogbo ara ọkọ̀ ní pupa, ọ̀dà náà sì mú un dáadáa. Ìdí ọkọ̀ nìkan ló kọ̀. Bó bá kùn ún lónìí, bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ọ̀rọ̀ náà yóò ti yọ padà lábẹ́ ọ̀dà, bí iṣan tí ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ arúgbó. Ó fi sáńpépà, ìwé tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà, ha á dé irin. Ó tún yọ.

"Oyè, ọkọ̀ rẹ kò gbà o," ni Rájí wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò léraléra. "Ó dà bí ìyàwó tó ti relé ọkọ tí kò yé jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀."

"Fi í sílẹ̀ fún un jàre. Fi ọ̀dà funfun tọ ọ̀rọ̀ náà kó hàn. Ọ̀rọ̀ bàbá mi kò lè ba ọkọ̀ jẹ́."

Rájí tọ ọ́. Báyìí ni iṣẹ́ parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Oyèníran àti Rájí gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n rìn lọ ra epo, nítorí pé kò sí ẹ̀kán epo kan nínú ọkọ̀ náà. Bọ́sẹ̀ lọ mú Àríkẹ́ nílé ìwé. Ó ku Ìbídùn nìkan nílé, ó ń lọ ata nídìí ọlọ. Oòrùn wà ní àtàrí. Adìẹ kò ké, ewé kò mì.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń bọ̀. Kì í ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì tuntun, tí ń bú ramúramù bí wọ́n bá dán an wò. Ohùn àtijọ́ ni. Yóò húkọ́, yóò húkọ́, yóò dánu dúró bí ẹni tó ń wá èémí, yóò sì tún húkọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún gbì. Sálúbàtà ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ ìta, pàlà, pàlà, bí ó ti máa ń wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ti rẹ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìbídùn kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ata, ọkàn rẹ̀ kò sí níbì kan, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Oyè. Ẹ kú oòrùn."

"Hẹ̀ẹ́n," ni ohùn kan dáhùn ní pálọ̀.

Ọmọ ọlọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó yọjú sí pálọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ọkọ̀ pupa wà níbi tí wọ́n fi í sí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n omi wà nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí atẹ́lẹsẹ̀ èèyàn, ó sì parí sídìí àga tó kọjú sí ìta. Tìmùtìmù àga náà rin gbingbin.

"Àárẹ̀ ni, Màámi," ni Oyèníran wí nígbà tó dé.

"Àárẹ̀ ló da omi sílẹ̀?"

Oyèníran wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti kúrò nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pa ojú dé, ẹnì kan yóò húkọ́ díẹ̀ ní pálọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò tí wọ́n gbàgbé sórí ìjókòó. Wọ́n ń tòògbé sórí oúnjẹ, wọ́n ń tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n wọn kò sùn. Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Rájí mú àáfà rẹ̀ wá, ó ké kéwú sí igun ilé gbogbo. Ẹni orí àga fi sùúrù dúró kí wọ́n parí. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, ó húkọ́.

"Bàbá àgbà ń tọrọ omi," ni Àríkẹ́ wí fún ìyá rẹ̀.

"Bàbá àgbà wo?"

"Èyí tó wà lórí àga. Ẹsẹ̀ wọn hunjọ, bíi ti ẹni tó pẹ́ nínú omi. Wọ́n ní bàbá mi ni yóò gbé àwọn padà, nínú ọkọ̀ pupa."

Bọ́sẹ̀ gbé ọmọ náà, ó sáré jáde láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Ìbídùn létí, ara rẹ̀ sì tutù bí ẹni tí òjò pa. Ó wo Oyèníran. Ojú ọmọ rẹ̀ ti pọ́n, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé wọn lọ. Bàbá mi ni wọ́n."

"Bàbá rẹ ni. Nítorí náà ni o kò fi ní dá nìkan gbé wọn." Ìbídùn so ìró rẹ̀ le. "Kò já wọlé wá. Èmi ni mo kí i káàbọ̀, láìwo ẹni tí mò ń kí. Ẹni tí a bá ti kí káàbọ̀ di àlejò, a kì í fi àdúrà lé àlejò. Ẹni tó gba àlejò ní í sìn ín sọ́nà."

Ó bu omi tútù sínú ife, ó kúnlẹ̀ síwájú àga, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá Oyè. Ọ̀nà jìn." Omi inú ife náà fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. "Ẹ jẹ́ ká sìn yín dé iwájú."

Oyèníran jókòó sídìí ọkọ̀. Ìbídùn jókòó tẹ̀ lé e, ní àárín, òrùlé tí wọ́n gé wálẹ̀ sì ń kan gèlè rẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ létí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà pa ara rẹ̀ dé, gbì. Òtútù gbà á ní èjìká ọ̀tún. Ooru ara ọmọ rẹ̀ wà ní èjìká òsì.

Nígbà tí wọ́n jáde nílùú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ́ńjìnnì ń bú, igi ọ̀nà ń fò kọjá, afárá sì ti ń yọ lókèèrè.

"Rọra, Àjàní!"

"Màámi, èmi kọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́!"

Ìbídùn wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì ká sókè, wọn kò kan ilẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àyè tó ṣófo, ó sì gbé e lé ohun kan tó tutù, tó sì rin, tó rí bí orúnkún. "Bàbá Oyè," ó wí, bí ìyàwó ti í bá ọkọ sọ̀rọ̀ kí ọmọ má gbọ́, "ẹ rọra. Ọmọ yín ló wà nídìí ọkọ̀."

Ọkọ̀ náà rọ. Ó yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ dé orí afárá, ó sì dúró. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ṣí. Ìbídùn gbọ́ sálúbàtà nílẹ̀, ó gbọ́ ọ tó dúró, bí ẹni tó yíjú padà wo ará ilé.

"Mo ń bọ̀," ni ohùn náà wí.

Èsì rẹ̀, "Ó dàbọ̀," ti wà lẹ́nu Ìbídùn. Ohun tó máa ń sọ ni, ohun tó sì wù ú láti sọ jù láyé. Ètè rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣí. Ó wo ọwọ́ Oyèníran lórí sítíárì, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu títí ọ̀rọ̀ náà fi padà sínú. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ, èyí tí kò gbà láti sọ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ó dìgbéré, Bàbá Oyè. Ó di ojú àlá."

Ilẹ̀kùn padé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Nísàlẹ̀, odò Aṣẹ́ ń ṣàn.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìbídùn tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún opó tó ti yẹ kó sun tipẹ́. Bọ́sẹ̀, tó ti gbé ọmọ padà wọlé, gbá a mọ́ra, ó ń bá a sun ún, kò sì mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ léjìká Ìbídùn. Àríkẹ́ sùn lórí ẹní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Oyèníran sùn sílẹ̀ gbalaja, gíríìsì lọ́wọ́, àpéjọ ìlú ńlá sì kọjá kó tó jí. Ìbídùn ló kẹ́yìn. Ó tẹ́tí sí pálọ̀ títí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì sùn.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìṣàn bá fẹ́ tẹ́wọ́ gba ohun tí kò tíì wò dáadáa, àwọn àgbà ibẹ̀ a fi òwe dá a dúró pé: ojú ní í kọ́kọ́ rí àlejò kí ẹnu tó kí i káàbọ̀.