Ọwọ́ Tí Ó Júwe Òkè-Àfọ̀n

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Òkè-Àfọ̀n nígbà kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá húkọ́ ní yàrá ìsùn, gbogbo wa la mọ ẹni tí ó húkọ́. Ilé gbọọrọ kan tí a fi páànù bò ni a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, òmíràn tí ó kéré jù ú lọ ni a ń sùn sí, ilé ọ̀gá àgbà sì wà láàárín méjèèjì bí àgbébọ̀ adìyẹ láàárín ọmọ rẹ̀. Igi àfọ̀n ńlá kan ni ó fún òkè náà lórúkọ. Ara ẹ̀ka rẹ̀ ni a so àgékù irin reluwé kan kọ́, òun ni agogo wa. Mo ti gbọ́ agogo tí ó dùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àárò rẹ̀ ń sọ mí bíi ti irin yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá ni ọ̀gá àgbà wa. Baba ni gbogbo wa ń pè é, àti ẹni tí ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu àti ẹni tí kò gbọ́ràn. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ dé, Baba kì í bi í léèrè ìwé tí ó ti kà. Yóò na ẹfun ìkọ̀wé kan sí i. Bí ọmọ náà bá fi ọwọ́ òsì gbà á, Baba yóò fa ẹfun sẹ́yìn, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì tún nà án, títí ọwọ́ ọ̀tún yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní láti sọ.

"Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ kà kí ó tó ka ìwé."

A máa ń sín in jẹ ní yàrá ìsùn. Ẹni tí yóò bá wa bu gààrí á kọ́kọ́ na ṣíbí, á tún fà á sẹ́yìn, a ó sì rẹ́rìn-ín títí ikùn wa yóò fi dun wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó tún fi ọwọ́ òsì gba nǹkan títí di òní olónìí.

Bámikọ́lé ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde kí èmi tó dé Òkè-Àfọ̀n, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Baba. Ọdún kìíní rẹ̀ níbẹ̀ ni baba rẹ̀ kú. Òun ni dáwódù. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí abúlé, ó sì gbé ọkọ́ baba rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní ìwé ti parí. Baba kò ránṣẹ́ sí i. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn dé abúlé náà, ó sì jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ẹbí.

"Mo wá kí yín kú àsẹ̀yìndè," ni ó wí. "Mo sì wá mú ọmọ mi padà."

Àbúrò olóògbé dá a lóhùn. "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ilé baba rẹ̀ ti dahoro. Bí ó bá bá yín lọ, ta ni yóò kọ ebè fún àwọn àbúrò rẹ̀?"

"Ilé baba rẹ̀ kò dahoro," ni Baba wí. "Orí òkè ni ó ṣí lọ. Láti òní, ilé mi ni ilé baba rẹ̀. Ní ti ebè, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa."

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko náà pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, Baba fúnra rẹ̀ ní iwájú nínú ṣòkòtò péńpé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é títí Bámikọ́lé fi jáde, a sì bá àṣà náà níbẹ̀, a ń ro oko ẹnikẹ́ni nínú wa tí ilé rẹ̀ bá ṣófo. Àáró la pè é nígbà náà. Ó ti di àárò báyìí; ohùn ọ̀rọ̀ ló yí padà, ọkàn kan náà ni ó ń dùn.

Ohun kejì tún wà tí Bámikọ́lé kò lè gbàgbé. Gíláàsì àtùpà yàrá ìkàwé fọ́ lọ́dún tí ìdánwò àṣekágbá wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baba gbé àtùpà ilé rẹ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì wọn, ó sì padà lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí ìdánwò fi dé. Ojú fèrèsé ni Bámikọ́lé ń jókòó sí. Bí ó ti ń kàwé lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àgbàlagbà méjèèjì tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ nínú òkùnkùn, tí wọn kò sì ráhùn. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò gbé ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ gbé e lọ sí òkè Ọya, ibi tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún fi ń gorí ọdún tí kò rí ọ̀nà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa bí ó ti ṣe é. Ó ní bí ọyẹ́ bá mú, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì lu irin ní ibi tí ó ti ń kọ́ni, òun a ṣàdédé yí orí padà bí ẹni pé Baba ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ó ń jẹun yó níbẹ̀, ó sì ń sùn dáadáa, síbẹ̀ oúnjẹ Òkè-Àfọ̀n tí kò kúnnú ni ó ń wù ú jẹ. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi nígbẹ̀yìn, kò ra aṣọ, kò ra bàtà. Àtùpà ni ó rà, èyí tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì fi aṣọ wé e kí ó má baà fọ́ lójú ọ̀nà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọdún yẹn gan-an ni ìṣòro dé bá wa. Ìjọ tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà sọ pé kí a pa àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké pọ̀ mọ́ èyí tí ó tóbi nígboro. Baba bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá wò wá. Wọ́n gbà, wọ́n ní Alàgbà Láníyọnu ni yóò wá, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Àgbàlagbà tí kì í fi ìwà ọmọlúàbí ṣeré ni Alàgbà yìí. Inú Baba dùn nígbà tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Ilé wa kò ga," ni ó sọ fún wa, "ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwà ni ó fẹ́ wò, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

A fi ẹfun kun gbogbo òkúta etí ọ̀nà. A fọ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìyàwó Baba, tí à ń pè ní Màmá, gún iyán, ó sì se ẹran ìgbẹ́ sínú ọ̀bẹ̀ ẹ̀gúsí, òórùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di olè. A tò sábẹ́ igi àfọ̀n nínú aṣọ funfun wa. Oòrùn yọ, ó kàn àtàrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. A kò rí Alàgbà.

Ẹni tí a rí ni ọkùnrin kan tí ó ń gun òkè bọ̀ nìkan, tí ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó gbé ohun kan tí a fi aṣọ wé sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó gbé omi kíkún. Baba ṣíjú wò ó. Ó dìde.

"Bámikọ́lé," ni ó wí.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi ẹrù náà lé Baba lọ́wọ́, kí ó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Nígbà tí a tú aṣọ náà, tí a rí àtùpà, Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Baba, Màmá, ẹ jókòó sínú òkùnkùn nítorí mi," ni Bámikọ́lé wí. "Mo gbé ìmọ́lẹ̀ yín dé."

Omi bọ́ lójú Baba. A kò rí irú rẹ̀ rí, a sì ń wo ilẹ̀. Màmá ni ó rántí àlejò.

"Ọmọ mi, ṣé o kò pàdé mọ́tò kan lọ́nà?"

"Mo pàdé rẹ̀, Mà. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ òkè níbi tí ẹrẹ̀ gbé pọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n bi mí ní ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yìí, mo sì júwe rẹ̀ fún wọn."

"Kí ló wá dá wọn dúró?"

"Kò yé mi, Mà. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Mo ní ilé baba mi ni. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì ní kí dírẹ́bà yí orí mọ́tò padà."

Baba rọra gbé àtùpà kalẹ̀.

"Bámikọ́lé, ọwọ́ wo ni o fi júwe?"

Bámikọ́lé wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìka ọ̀tún rẹ̀ ṣì ká kò bí ẹni pé ọwọ́ àtùpà ṣì wà nínú rẹ̀.

"Àtùpà ló wà ní ọ̀tún mi, sà," ni ó wí. "Nǹkan yín ni. N kò lè gbé e sí òsì."

Kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó ti sáré sọ̀ kalẹ̀. Ipa táyà nìkan ni ó bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro, ó sì dọ̀bálẹ̀ ní iwájú Alàgbà Láníyọnu, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí oko baba rẹ̀ títí dé orí gíláàsì àtùpà. Alàgbà tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo gbà ọ́ gbọ́, ó sì dùn mí. N kò mọ ohun tí ó wà nínú aṣọ yẹn. Ọwọ́ òsì ni mo rí, mo sì fi etí ara mi gbọ́ pé ilé baba rẹ ni. Mo ní bí ilé tí ń tọ́ olùkọ́ bá tọ́ ọmọ rẹ̀ báyìí, kí ni mo tún ń gun òkè lọ wò? Mo ti sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀."

Alàgbà tìtorí rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí Bámikọ́lé gun òkè padà wá, kò lè wọ ilé. Abẹ́ igi àfọ̀n ni ó jókòó sí, tí ó ń sunkún bí ọmọdé. Baba lọ bá a níbẹ̀.

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni èmi rí," ni ó wí. "Ọwọ́ òsì rẹ ni àlejò rí. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wa. Dìde, jẹ́ ká lọ tan àtùpà wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baba, yí ìmọ́lẹ̀ ká. Kò sí ẹni tí ó mú ìwé dání. Ní ìparí sáà yẹn, wọ́n kó wa lọ sí ìgboro, sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹni tí ó húkọ́.

Baba ti lọ, Màmá náà ti lọ. Páànù ti ṣí kúrò lórí ilé, ògiri ti wó, igbó ti gba gbogbo rẹ̀. Àwa tí a kù ń padà lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, a ó jókòó sábẹ́ àfọ̀n, a ó jẹ iyán, a ó sì dárúkọ àwọn tí kò lè wá mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ fún mi pé òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba Baba. Ó ṣeé ṣe. N kò bá wọn jiyàn. Orí òkè yẹn ni èmi ti rí i tí wọ́n bí i.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ọmọ Bámikọ́lé, ọmọbìnrin kan, ni ó wa mọ́tò gbé wa lọ. Bámikọ́lé ti darúgbó, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, ọmọbìnrin náà wo igbó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Bàbá àgbà, níbo gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ yín wà? N kò rí nǹkan kan."

Ọ̀pá wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo sì di apá rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè, ó nà án gbọọrọ sí ibi tí kò sí ilé kankan mọ́, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá.

"Òun nìyẹn, ọmọ mi. Ilé baba mi nìyẹn."

Láti orí òkè náà ni a ti kó ọ̀rọ̀ yìí wálé, òun ni a sì ń fi lé ọmọ wa lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń gbà á: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.